Ẹsẹ̀ Bàbá àti Kòkòrò Tí Oògùn Kò Ràn

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹsàn-án, 1978

Láti ọdún tó kọjá ni ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju orúkọ mi lọ: Kíkẹ́lọmọ Ọdẹ́wálé. Òní ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, nítorí bí n kò bá kọ ọ́, n ó sọ ọ́ fún ẹni tí kò yẹ kó gbọ́.

Dókítà Ògúnbọ̀dé pè mí sẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin láàárọ̀. Ó ní, "Kíkẹ́, mi ò ní tàn ọ́. Bí egbò ẹsẹ̀ Bàbá yín ò bá yí padà títí di ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀, mo máa gé e lábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ ni mo máa gé, kó má baà di ẹ̀mí."

Bàbá ọkọ mi ni. Àdá ló ṣá wọn lójúgun níbi tí wọ́n ti ń sán oko ní Òkè-Onígbìn, ogún ọjọ́ rèé. Ọdẹ ni wọ́n kí ojú wọn tó di bàìbàì, kò sì sí ọ̀nà ẹran kan nínú igbó Ìsin tí ẹsẹ̀ yẹn kò mọ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jókòó sójú kan ti ní kí wọ́n kú nìyẹn.

Èmi ni mo rí ohun tó wà nínú egbò náà, nítorí èmi ni mo ń ṣe àyẹ̀wò ní láàbù. Kòkòrò inú ìfun ni, irú èyí tí gbogbo wa ń gbé kiri tí kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ampisílìn ò ran eléyìí, tẹtirasáíkílìn ò ràn án, oògùn ibà jẹ̀funjẹ̀fun náà ò ràn án. Ó ku abẹ́rẹ́ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní jẹ́ńtá. Èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Sístà Helen, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, kò sì ju ohun tí ẹnì kan yóò gbà fún ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Dókítà ní òun ò ní ṣí i.

Ó ní, "A lè gún Bàbá lónìí, kí kòkòrò náà tún padà dé lọ́la láti ibi tó ti ń wá, kó sì ti mọ jẹ́ńtá pẹ̀lú. Wá ibi tó ti ń wá fún mi. Ọjọ́ tí o bá rí i ni mo máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù."

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ní.

Ẹtì, 8

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kẹrosínì tún ti gbówó lórí ní Òmù-Àrán, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú àpótí tí mo fi ń sin kòkòrò móoru.

Mo se ẹ̀kọ tuntun. Ẹ̀kọ ni èmi àti Ignatius ń pè é, torí pé ó máa ń dì nínú àwo bí ẹ̀kọ gan-an. Kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ènìyàn. Ignatius ni nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ti bi mí bóyá ó lè bá mọ́ínmọ́ín lọ.

Mo gbé oúnjẹ Bàbá lọ ní ìrọ̀lẹ́. Abọ́ tánńganran olódòdó tí ìyá mi fi sìn mí wá sílé ọkọ ni mo fi ń bu omi ìwẹwọ́ wọn. Ṣé inú abọ́ onírin ilé ìwòsàn ni bàbá ọkọ mi yóò ti wẹwọ́ ni? Mo kúnlẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n gbé e yí ká. Wọn kì í dá jẹun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́ọ̀dù ti di ojúde ilé wọn: ẹni tó ní oúnjẹ á gbé tirẹ̀ wá, ẹni tí kò ní á mú ọwọ́ wá. Wọ́n á ní, "Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun," ẹ̀rín á sì sọ. Inú mi ń dùn pé ìyàwó ilé Ọdẹ́wálé ló ń gbé omi náà. Àwọn aláìsàn ti ń pè mí ní ìyàwó tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé wá.

Ajé, 11

Ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin mẹ́jọ ni mo ní láti yẹ̀ wò, kí n lè mọ ẹni tí kòkòrò náà wà nínú ìfun rẹ̀. Àwọn méje gbà. Bàbá yarí.

"Ìwọ ìyàwó Lawrence! Kí n wá fi ìgbẹ́ mi lé aya ọmọ mi lọ́wọ́? Bí mo bá dé ọ̀run tí bàbá mi bi mí, kí ni n ó wí?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi aṣọ bo orí. Ignatius ló wá dá sí i. Ó ní a kò ní kọ orúkọ sára rẹ̀, nọ́ńbà la máa kọ, àti pé òun fúnra òun ni yóò gbé e, kò ní sí ìyàwó ilé kankan lọ́nà. Bàbá rò ó títí. Wọ́n gbà, bí a bá ti lè máa pè é ní ẹrù. Ní ọ̀sán, Ignatius dé ẹnu ọ̀nà láàbù, ó nà dúró bí ṣọ́jà, ó ké pé, "Ẹrù Òkè-Onígbìn ti dé!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń pè é ní ẹrù báyìí, Sístà Helen pàápàá.

Ọjọ́rú, 13

Mẹ́fà nínú mẹ́jọ ló ní i.

Àwọn méjì tí kò ní i ni Àbúdùlàhí, bàbá ará Ṣàrẹ́ tó ń ta iyọ̀, tí wọ́n yọ òkúta inú àpò ìtọ̀ fún, àti Ọládayọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà láti Ìlọfà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún. Ibùsùn Ọládayọ̀ ló sì tẹ̀ lé ti Bàbá gan-an! Bí nǹkan náà bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kọjá, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mú.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kòkòrò wọn kì í ṣe irú kan náà. Oríṣi mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ oògùn mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n borí. Bí ará Èsìẹ́, ará Ìsánlú-Ìsin àti ará Òmù-Àrán bá ń kọ orin kan náà láìṣìṣe, ibì kan ni wọ́n ti jọ kọ́ ọ.

Ẹtì, 15

Mo ti fi òwú nu gbogbo ohun tó wà ní wọ́ọ̀dù: abẹ, sísọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n fi ń wo ibà, póò, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìkòkò omi mímu, ọwọ́ Ignatius. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Kò sí nǹkan kan. Sístà Helen fi omi apakòkòrò fọ ilẹ̀ títí ojú fi ń ta wá. Inú wọn dùn pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wọn ló ti ń wá. Inú tèmi kò dùn rárá.

Àìkú, 17

Lawrence ti Ìlọrin dé wá wo Bàbá. Ó mú iṣu tuntun mẹ́rin wá, mo fi gún iyán, àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn jẹ ẹ́ bí ẹni pé kò sí ẹni tí ń ṣàìsàn. Ọládayọ̀ nìkan ló ń fi ṣíbí jẹ tirẹ̀ lórí ibùsùn. Bàbá ní, "Tíṣà, ṣé iyán náà yóò bù ọ́ jẹ ni?" Ó ní bí òun ti ń jẹun láti kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Bàbá ní kí a máa pè é ní Òyìnbó Ìlọfà.

Nígbà tí Lawrence jáde, Bàbá fà mí mọ́ra. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Dókítà. Àṣé láti ìjọ́sí ni wọ́n ti gbọ́, wọ́n kàn ń ṣàwàdà kiri ni.

"Ìyàwó, bí wọ́n bá gé e, ṣé wọn á sin ín sílẹ̀ kó máa dúró dè mí, àbí á lọ ṣáájú?"

Mo jókòó, mo fọwọ́ lé orúnkún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìṣẹ́gun, 19

Mo dán nǹkan kan wò, èyí tí olùkọ́ wa kan ní Ìbàdàn kọ́ wa ní ọdún ìkẹyìn. Kòkòrò inú egbò Bàbá máa ń hù pupa lórí ẹ̀kọ mi. Mo ní òmíràn tó máa ń hù funfun, ọ̀dẹ̀ pátápátá, oògùn kóòògùn ló ń pa á. Mo da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ìgò omi ẹran kan ṣoṣo, mo gbé wọn sínú àpótí. Ọ̀la ni n ó da wọ́n sórí ẹ̀kọ tí mo po oògùn ibà jẹ̀funjẹ̀fun mọ́. Èyí funfun nìkan kò lè hù níbẹ̀ láé. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ó HÙ! Funfun mọ́kànlá. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo pe Ignatius kó wá kà wọ́n.

Mo sáré lọ bá Dókítà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, bàtà mi kan wà ní láàbù. Ọmọ aráyé ń jogún lọ́wọ́ bàbá. Kòkòrò ń jogún lọ́wọ́ aládùúgbò, láàárín ọjọ́ kan péré. Ọ̀dẹ̀ wọlé, ọlọ́gbọ́n jáde! Ìdí nìyẹn tí oríṣi mẹ́ta fi ń kọ orin kan. Inú ìfun àwọn aláìsàn wa ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà.

Dókítà di àwo náà mú síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kíkẹ́, ìròyìn burúkú tó dùn gbọ́ jù nìyí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe dókítà." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé e láti ìfun dé ìfun?"

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Ẹtì, 22

N ó kọ tòní bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo jókòó ti Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn mẹ́jọ sí. Mo ti tò wọ́n bí ibùsùn wọn ṣe tẹ̀ léra, mo ti tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé, mo ti tò wọ́n bí àìsàn wọn ṣe rí. Kò já sí nǹkan kan. Bàbá ní kí n ka ohun tí mo ń kọ sétí wọn. Mo kà á. Wọ́n họ imú.

"Ta ló ń ka orúkọ èèyàn báyìí? O fi ọmọdé ṣáájú àgbà. Tò wọ́n bó ti yẹ."

Kí n lè tẹ́ wọn lọ́rùn ni mo fi tò wọ́n. Bàbá, Àbúdùlàhí, Bùkárì, títí dé orí Ọládayọ̀ tó kéré jù. Mo kọ iye kòkòrò tó hù lórí àwo kálukú síwájú orúkọ rẹ̀. Ti Bàbá kún àwo dẹ́múdẹ́mú. Ti Bùkárì dín sí i. Ti ẹni tó tẹ̀ lé e dín sí tirẹ̀. Ó ń dín bọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ọjọ́ orí ti ń dín. Àbúdùlàhí nìkan, àgbà kejì, ló dá a rú, àti tíṣà nísàlẹ̀.

Mo ń wo ìwé, n kò lóye rẹ̀. Kòkòrò wo ló mọ àgbà yàtọ̀ sọ́mọdé?

Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ dé. Mo gbé abọ́ mi, mo kúnlẹ̀ fún Bàbá, wọ́n wẹwọ́. Mo dìde kí n gbé e lọ fún Àbúdùlàhí, mo rántí pé wọn kì í wẹwọ́ nínú rẹ̀; Jàrátù ìyàwó wọn ti gbé bútà dúró, ó ń da omi sí wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo kọjá lọ sọ́dọ̀ Bùkárì. Bùkárì ti ki ọwọ́ bọ inú omi tí Bàbá wẹ̀ kù kí n tó rí ohun tí mo ń ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó tún tẹ̀ lé e. Ní ìsàlẹ̀, tíṣà ti mú ṣíbí rẹ̀ lọ́wọ́.

Abọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àìkú, 24

Mo ti da omi abọ́ náà sórí ẹ̀kọ láti ìjẹta. Ó hù pupa, ó hù funfun, ó kún àwo.

Gbogbo ohun tí í ṣe ti ilé ìwòsàn ni mo yẹ̀ wò. Abọ́ kò sí lára wọn, torí ti ilé wa ni. Èmi ni mo gbé e wá, èmi ni mo ń gbé e yí ká, lórí ìkúnlẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, àgbà ṣáájú, ọmọdé tẹ̀ lé e. Ìwà tí wọ́n fi ń yìn mí ló ń gbé kòkòrò kiri. Mo sunkún díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá tó jókòó tì mí rò pé ìwàásù ni.

Ajé, 25

Dókítà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù! Wọ́n ti gún Bàbá ní abẹ́rẹ́ jẹ́ńtá àkọ́kọ́. Ó ní òun yóò bá Bàbá sọ ọ̀rọ̀ abọ́ náà. Mo ní rárá. Báwo ni Dókítà, ará Ìsánlú, yóò ṣe bá mi sọ ọ̀rọ̀ ilé ọkọ mi?

Mo kọ́kọ́ lọ bá Jàrátù lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì. Mo ní báwo ni aya ilé ṣe ń sọ fún bàbá ọkọ pé omi tí wọ́n wẹ̀ kù kò dára. Ó dáwọ́ dúró.

"Wàláì, má sọ̀rọ̀ omi wọn. Tìrẹ ni kí o sọ."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ń pín àìsàn kiri pẹ̀lú abọ́ mi. Kò yẹ kí ọwọ́ méjì pàdé nínú omi kan." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ títí dé orí tíṣà àti ṣíbí. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ìṣẹ́gun, 26

Bàbá dá jẹun.

Ọjọ́rú, 27

Mo dé wọ́ọ̀dù ní ọ̀sán, mo bá Bàbá tí wọ́n jókòó ṣánṣán lórí ibùsùn, àwọn ọkùnrin yòókù pé yí wọn ká. Wọ́n ní kí n dúró síbẹ̀.

"Ẹ gbọ́. Ìyàwó mi yìí kò bí mi nínú. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ka àwọn tí mo fi ẹ̀rín bu àìsàn fún nínú yín. Bùkárì, dárí jì mí. Gbogbo yín, ẹ dárí jì mí. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ki ọwọ́ bọ omi tí ẹlòmíràn ti wẹ̀, kò gbọdọ̀ bá mi jẹun. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn." Wọ́n yíjú. "Ìyá Ṣàrẹ́, ẹ wá kọ́ mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo ti ń wẹwọ́, n kò mọ̀ pé n kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Jàrátù bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n na ọwọ́. Ó da omi, ó fún wọn lọ́ṣẹ, ó ní kí wọ́n fi èékánná kún un. Bùkárì ní kí Bàbá má gbàgbé ìgúnpá. Ariwo ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Sístà Helen sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹnì kan ti kú.

Bàbá tún rántí tíṣà. "Òyìnbó Ìlọfà, o jàre. Ṣùgbọ́n ìwọ náà á wẹwọ́ kí o tó mú ṣíbí."

Ignatius ti ra bútà oníke mẹ́sàn-án ní ọjà Òmù-Àrán, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Obìnrin tó tà á fún un bi í bóyá ó ti gba Ìsìláàmù. Ó ní Sístà Helen ló rán òun. Obìnrin náà kò tíì lóye rẹ̀ di báyìí.

Àìkú, 1 oṣù kẹwàá

Ọjọ́ òmìnira. Àwọn ọmọ iléèwé yan kọjá lójú títì nínú òjò, Bàbá ní kí wọ́n gbé àga àwọn súnmọ́ fèrèsé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá lu ilẹ̀ tẹ̀ lé ìlù náà. Wọn kò fi ọwọ́ kan èkejì, wọn kò wò ó. Èmi náà kò wò ó. Ọ̀la ni.

Ajé, 2

Dókítà ló tú báńdéèjì fúnra rẹ̀. Mo di ibùsùn mú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òórùn á ti kọ́kọ́ dé kí o tó rí egbò náà. Lónìí, kò sí òórùn. Ó tú u dópin. Ẹran pupa, tútù, tó ń dán, ti ń bo eegun bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Dókítà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ẹ ní ẹsẹ̀ méjì."

Bàbá ní, "Mo mọ̀. A bí wọn mọ́ mi ni."

Mo jó. Nínú wọ́ọ̀dù, lójú Sístà Helen, mo jó, Ignatius sì fi póò lu ìlù fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 12

Aláìsàn tuntun mẹ́rin ló ti wọlé láti ìgbà tí bútà ti dé. Mo gba ẹrù wọn, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kòkòrò náà kò sí nínú ẹyọ kan. Ó ṣì wà nínú ìfun Bàbá àti Bùkárì, ó pẹ́ kó tó lọ, Dókítà ní ó lè lo oṣù bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Sístà Helen ti ní kí wọ́n ra bútà fún wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin.

Àbámẹ́ta, 21

Òkè-Onígbìn.

A gbé Bàbá délé lánàá. Wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró ní ìdí igi òrombó, àwọn yóò fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n tiro díẹ̀díẹ̀, gbogbo àdúgbò jáde, àwọn obìnrin ilé ń ki wọ́n bí ẹni ki ọkọ ìyàwó.

Lónìí ni wọ́n ní kí a jẹun ìdúpẹ́. Iyán ni, ẹran ìgalà tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi se ọbẹ̀ rẹ̀. Mo gbé abọ́ tánńganran mi jáde. Mo ti sè é nínú omi híhó lẹ́ẹ̀mẹta, ìsàlẹ̀ ọwọ́ ló máa ń wà báyìí láti gba omi tó ń ṣàn bọ́. Mo mú bútà, mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n gba bútà náà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n fi ọ̀pá wọn ti ògiri. Wọ́n dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, láìdi ohunkóhun mú.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Ìyá ọkọ mi ní, "Bàbá Lawrence, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Àgbà kì í bu omi ìwẹwọ́ fún ìyàwó ilé. N kò rí i rí, n kò gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo gbàgbé pé obìnrin ni mí.

Bàbá ní, "Ọwọ́ ni mo ní kí o mú wá. N kò ní kí o kúnlẹ̀."

Mo na ọwọ́. Omi náà tutù, ó ń ṣàn lórí ìka mi bọ́ sínú abọ́ olódòdó. Wọ́n rọra ń dà á títí mo fi fi ọṣẹ kan èékánná, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbọ̀n. Mo wẹ ọwọ́ mi, mo bá àgbà jẹun.